Tọ́bò, ínjẹ́kítọ̀, àti òkè Àpòmù

Bàbá mi àtàtà, ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láì tú u wò,

Mo wà nílé. Ọjọ́ Ajé ni mo dé. Wọ́n fún mi ní ìsinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́, mo sì ní kí n wá lò ó lọ́dọ̀ Ìyá ní Ìkirè dípò kí n jókòó sí ìlú oníìlú. Ewé máńgòrò ti bo ojú oórì yín nígbà tí mo dé, ṣùgbọ́n Wàsíù àbúrò mi gbá a lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì sì ṣe àdúà fún yín kí a tó jẹun àárọ̀. Ìyá ní kí n kí yín. Mo bi wọ́n pé báwo ni n óò ṣe kí yín. Wọ́n ní, "Ìwọ tó kàwé tó báyìí, o ò mọ bí wàá ṣe ṣe é?" Èyí tí mo ń ṣe yìí ni mo mọ̀.

Ẹ ó rántí ìpè tí ẹ pè mí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ra píkọ́ọ̀pù onídísẹ̀lì yẹn. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n inú yín ń dùn bí ẹni tó ra tuntun. Ẹ ní ẹni tó tà á fún yín sọ pé ó ní tọ́bò, ó sì tún ní ínjẹ́kítọ̀. Ẹ wá bi mí pé, "Ṣé nǹkan kan náà ni wọ́n fún ní orúkọ méjì kí ọjà lè yá ni, àbí nǹkan méjì ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní nǹkan méjì ni. Ẹ ní, "Kí ni ọ̀kan ń ṣe tí èkejì kò lè ṣe?" Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí mo tún pè, ẹ ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́, pé tí mo bá délé, a ó jọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n óò sì fi ìka tọ́ka sí ohun gbogbo fún yín, torí ohun tí ojú yín kò bá rí kì í wọ̀ yín lórí. Ẹ kò sì sí mọ́ nígbà tí mo délé. N kò bá yín jà sí i. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ yan ọjọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìbéèrè yín di ohun tí gbogbo ilé ń béèrè, torí pé píkọ́ọ̀pù náà fẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Wàsíù ló ń fi í kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà láti àwọn oko tó wà lẹ́yìn Àpòmù wá sí Ìkirè, Ìyá á sì tà á fún àwọn obìnrin tó ń dín dòdò lẹ́bàá títì. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn, òun ló gbà á lọ́wọ́ yín. Láti bí oṣù mélòó kan ni agbára ọkọ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀. Tó bá gbé ẹrù dé òkè tó wà ṣáájú Àpòmù, á máa tú èéfín dúdú, á máa wọ́ bí ìgbín, nígbà mìíràn Wàsíù á já ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó lè gùn ún. Àwọn oníbàárà Ìyá kan ti ń ra ti ẹlòmíràn. Ìyá wá sọ fún ọkùnrin kan ní Gbọ̀ngán tó máa ń ra ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, tí á tú u palẹ̀, tí á sì ta ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wàsíù sì ní bí wọ́n bá ti wọ́ ọkọ̀ lọ, òun ń bá ọ̀rẹ́ òun lọ sí Èkó lọ gun ọ̀kadà. Ìyá kò sọ pé àwọn kò fẹ́. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ń fi ẹran kún oúnjẹ Wàsíù lójoojúmọ́ ni, wọ́n á sì gbójú sí ibòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Bọ̀dá Múdà lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀rẹ́ yín ṣì wà bó ṣe wà, fìlà kan náà, igi dongoyárò kan náà lókè orí rẹ̀.

"Ẹnjiníà wa!" ó ní. "Ṣé o wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá. Mo wá kọ́ṣẹ́ ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí o bá gbálẹ̀ fún ọdún kan, màá jẹ́ kí o di sípánà mú."

Ó sọ gbogbo ohun tó ti ṣe fún mi. Èéfín dúdú ló rí, ó sì gbà pé ínjẹ́kítọ̀ ló ń da epo jù. Ó ti tú wọn, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti gbé wọn lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán wọn wò, ó sì pààrọ̀ èyí tó ń kán nínú wọn. Ọkọ̀ sàn díẹ̀, kò sàn tó. Bàbá, iṣẹ́ tó mọ́ ló ṣe. Ká ní èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá fún, ibẹ̀ náà ni n bá ti bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá," mo ní, "èéfín dúdú, ó túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé kò lè jẹ́ pé epo kò pọ̀ jù, pé afẹ́fẹ́ ló dín?"

Ó fi àkísà nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ bíi bàbá ẹ nìyẹn," ó ní. "Bí wọ́n ṣe máa ń dà mí lórí rú nìyẹn tí màá fi gbàgbé ibi tí mo fi sípánà sí."

Ẹ wá bá mi jókòó díẹ̀ níbí, Bàbá, torí ibí gan-an ni ìbéèrè yín wà.

Iná ni ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́. Iná kò sì lè jó láìsí nǹkan méjì: ohun tí yóò jó, àti afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin kan tí wọ́n ń pè ní písítìnì á sọ̀kalẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ wọlé. Á gòkè, á fún un pọ̀. Epo á jó níbẹ̀, ooru rẹ̀ á sì ti písítìnì sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára. Á tún gòkè, á ti èéfín jáde. Ohun tó ń yí táyà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ínjẹ́kítọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ epo. Nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ wa aláwọ̀ ewé, èyí tó ń lo bẹntiróòlù, kabúrétọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á gba ọ̀nà tóóró kan kọjá, bó ṣe ń sáré kọjá ni yóò máa fa bẹntiróòlù mọ́ra lọ. Kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń bá a jà láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, tí ẹ ó máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ ó máa gbé e sókè, títí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ sí oko. Ínjẹ́kítọ̀ kì í dúró de afẹ́fẹ́ láti wá fa epo. Pọ́ọ̀ǹpù ló ń fi ipá ti epo sí i, á sì gba àwọn ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ jáde, á di ìkùukùu. Ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ ló ń bọ́ síbẹ̀, àkókò tí wọ́n fẹ́ ló sì ń bọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì onídísẹ̀lì, afẹ́fẹ́ tí písítìnì ti fún pọ̀ gbóná débi pé bí ìkùukùu yẹn bá ti fọwọ́ kàn án, ó ti gbiná, láìsí púlọ́ọ̀gì kankan tó ń ṣáná sí i.

Tọ́bò, ní tirẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa epo. Ẹ wo fáànù kékeré méjì lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, ìkọ̀ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀. Èéfín gbígbóná tó ń sáré jáde lọ sí sàlẹ́ńsà á kọ́kọ́ kọ lu fáànù kìíní, á yí i. Nítorí pé ọ̀pá kan náà ló so wọ́n pọ̀, fáànù kejì náà á yí, òun á sì máa gba afẹ́fẹ́ láti ìta, á máa kì í sínú ẹ́ńjìnnì ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè dá mí sínú lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ nínú ilé iná, epo tó pọ̀ sí i lè jó tán, agbára á sì pọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n fi ohun tí ẹ ti rí rí ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ wo àwọn tó ń dín dòdò. Ẹni tó la igi rẹ̀ wẹ́wẹ́, tó ń kì í sábẹ́ agbada níwọ̀nba, tó mọ ìgbà tó yẹ kó fi òmíràn sí i, iṣẹ́ ínjẹ́kítọ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó mú abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ iná, iṣẹ́ tọ́bò ló ń ṣe. Ohun tó kàn yani lẹ́nu nínú tọ́bò ni pé èéfín tó ń jáde nínú ilé ìdáná gan-an ló ń ju abẹ̀bẹ̀ náà. Ohun tí à bá dà nù ló ń ṣiṣẹ́. Mo ti ń rí i láti bí ọdún púpọ̀, ó ṣì ń wù mí.

Nítorí náà, ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi yangàn. Gbogbo ẹ́ńjìnnì onídísẹ̀lì ló ní ínjẹ́kítọ̀. Kabúrétọ̀ kò sí nínú wọn rí. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ń kọjá ní Ìkirè lónìí ló ní ínjẹ́kítọ̀ láì ní tọ́bò rárá, wọ́n sì ń rìn dáadáa. Tọ́bò ni àfikún. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè yín dára? Ọ̀kan ń bu oúnjẹ, èkejì ń fún ẹni tó ń jẹun ní èémí.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe rí i nínú ọkọ̀ wa. Pọ́ọ̀ǹpù epo rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ọ. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, epo ni yóò máa gbé wá, yálà afẹ́fẹ́ tó tàbí kò tó. Mo sọ fún Bọ̀dá Múdà pé kí a má tíì tú nǹkan kan, kí n kọ́kọ́ bá Wàsíù lọ sí oko, kí n gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi.

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà ní gbogbo ọdún tí Wàsíù fi ń bá yín rin ọ̀nà yẹn. N kò jókòó síwájú ọkọ̀ níbẹ̀ rí. A di ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ẹnu, a sì ń bọ̀ lójú ọ̀sán gangan. Nígbà tí a kan ẹsẹ̀ òkè, Wàsíù tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, èéfín dúdú bo gbogbo ẹ̀yìn wa. Ẹ́ńjìnnì ń ké, a kò sì kúrò lójú kan.

"Ṣé ẹ ń rí i, Àǹtí?" Wàsíù ní. "Ẹ wò ó bó ṣe ń mí bí àgbàlagbà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń súfèé tó bá ń gun ibí. Fíìì báyìí. Ó ti fi ìyẹn sílẹ̀."

"Láti ìgbà wo ni kò ti súfèé mọ́?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Mo rò pé ara rẹ̀ ti yá ni."

Bàbá, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún. Súfèé yẹn ni ohùn tọ́bò. Fáànù tó ń sáré ló ń dún bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń fi ìrora gun òkè yẹn ni mo ti mọ ibi tí n óò tú. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tó pa á. Tọ́bò tó ń mu ọ́ìlì tó mọ́ kì í ṣàdédé kú. Wàsíù sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, mo ti béèrè lọ́wọ́ Bọ̀dá.

A dé téńté òkè. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ síhà Àpòmù. Wàsíù fi gíà sí fíríì, ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Wàsíù! Kí lo ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"O pa ẹ́ńjìnnì!"

"Ẹ̀hẹ́n. Òkè ti tán. Kí la tún fẹ́ fi epo ṣe? Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Bíréèkì ńkọ́? Sítíárì ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń le díẹ̀. Ara mi ti mọ̀ ọ́n. Àǹtí, ẹ fara balẹ̀ kẹ̀. Ẹ di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó fẹ́ bẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni a ń yí wọ Àpòmù láìsí ariwo, a ń gbọ́ táyà lórí yanrìn, a ń gbọ́ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń fara ra ara wọn lẹ́yìn. Obìnrin kan tó ń sá kòkó síwájú ilé gbójú sókè, ó rí wa, ó sì kígbe pé, "Ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́ lóòótọ́!" Wàsíù juwọ́ sí i, eyín rẹ̀ hàn síta.

Mo di ilẹ̀kùn mú títí ọkọ̀ fi dúró fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ìdáhùn ti wà níwájú mi, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ọ̀pá tó so fáànù méjèèjì pọ̀ nínú tọ́bò lè yí ju ọ̀kẹ́ márùn-ún ìgbà lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Kò sí irin tó lè fara gbo irin lórí eré yẹn kó má jóná. Nítorí náà, ọ̀pá náà kì í fara kan ibi tó jókòó sí. Orí ọ́ìlì tín-ín-rín ló ń léfòó sí. Ọ́ìlì yẹn, pọ́ọ̀ǹpù ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e wá. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọ́ìlì á dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n fáànù kò ní dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Á ṣì máa sáré, lórí òùngbẹ. Ooru ibẹ̀ á sì máa yan ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù títí á fi di èédú, bí òróró tí wọ́n gbàgbé sínú agbada lórí iná.

Ìgbà wo ni tọ́bò máa ń gbóná jù, tó sì máa ń sáré jù? Ìgbà tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù gun òkè tán. Ìgbà yẹn gan-an ni Wàsíù ń pa á, lójoojúmọ́, lórí téńté òkè.

Kabúrétọ̀ kò bìkítà. Píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kò ní fáànù kankan tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbé dání. Bíréèkì nìkan ni ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́, Ọlọ́run sì ṣọ́ yín. Ohun tí ẹ kọ́ ọ kò pa ọkọ̀ ìgbà tiyín lára. Ọkọ̀ ló yí padà. Ẹ kò sì lo èyí pẹ́ tó tí ẹnikẹ́ni ì bá fi sọ fún yín.

Wàsíù gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wo sítíárì. "Ṣé èmi ni mo pa á nìyẹn?"

"Kò sí ẹni tó sọ fún ọ."

"Àbí Bàbá ló pa á?"

"Wàsíù."

"Mo kàn ń béèrè ni, Àǹtí." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí mo ti ń rò káàkiri láti ìgbà yẹn. Ó ní kì í ṣe torí epo nìkan. Ó ní, "Ibẹ̀ ni Bàbá ti máa ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, wọn kì í sọ nǹkan kan. Tó bá ti dákẹ́ lórí òkè báyìí, wọ́n á ní, 'Wàsíù, kí lo rí lónìí?' Mo gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan sọ. Tí mo bá ní n kò rí nǹkan kan, wọ́n á ní kí n wò ó dáadáa lọ́la."

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá? Ṣé epo lẹ ń ṣọ́, àbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ ń wá? Kí ni Wàsíù máa ń sọ fún yín? Kí lẹ máa ń dá a lóhùn? Mo ti tú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, mo ti fi ẹ̀rọ wọn ohun tí ojú kò lè rí nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ láàrin téńté òkè yẹn àti ọjà Àpòmù. Ó sì wù mí gan-an kí n mọ̀.

Lọ́jọ́rú, a tú tọ́bò sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ìka kan ọ̀pá náà, kò yí. Ó ti gan. Èédú dúdú dì mọ́ ọn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bọ̀dá Múdà gbé e sókè sínú oòrùn, ó wò ó tìtì, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Mo ti ń fọ agbada," ó ní, "abẹ̀bẹ̀ ló kán." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tó ṣe pàtàkì jù: "Tí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà wá síbi náà bá ti dí pẹ̀lú èédú yìí ńkọ́? Ṣé èyí tí a bá rà kò ní kú bẹ́ẹ̀?" A tú páìpù rẹ̀. Ó ti dí lóòótọ́; agbára káká ni abẹ́rẹ́ fi lè gba inú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ títí tí ọ́ìlì fi ń ṣàn geere. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, ó ń bi mí léèrè lọ́tùn-ún lósì, èmi náà ń bi í. Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn, Bàbá, bí ẹni tó lọ síbi eré.

Wàsíù àti èmi lọ sí Ìbàdàn lọ ra tọ́bò tòkunbọ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ kò mì. Alẹ́ Jímọ̀ kò tíì ṣú tí Bọ̀dá fi dè é tán. Ìyá wá wò wá níbẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lérí àyà. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ gbogbo àlàyé yín. Lọ́la, ẹ di ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un, ẹ lọ síbi òkè yẹn. Tó bá gùn ún láì já ẹrù, ó dúró. Tí kò bá gùn ún, kó máa bá ará Gbọ̀ngán lọ. N kò fẹ́ gbọ́ gíràmà." Wọ́n sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n Wàsíù ni ojú wọn wà lára rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, a di ẹrù kún un débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Wàsíù pé ó tó. Ó tún fi ìdì kan sí i. A kan ẹsẹ̀ òkè, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, tín-ín-rín ná, ó wá ń ga: fíìì. Ọkọ̀ gbé orí sókè. Mo wẹ̀yìn, èéfín kò tó ohun tí a lè pè ní èéfín. "Ó ti dé! Ó ti dé!" ni Wàsíù ń pariwo, ó ń lu sítíárì, a sì gun òkè náà ní gíà kejì bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan.

Lórí téńté, ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra lọ síbi kọ́kọ́rọ́ kó tó rántí. Ó dá a dúró lójú òfuurufú. Ó fi í padà sórí gíà. A sọ̀kalẹ̀ wọ Àpòmù pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí a fi dé Ìkirè. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì lè sọ pé n kò gbà á.

Ará Gbọ̀ngán ti wà níwájú ilé pẹ̀lú okùn tó fẹ́ fi wọ́ ọkọ̀. Ìyá ka ẹrù náà pẹ̀lú ojú, wọ́n rí i pé ó pé. Wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ọkọ wa, ẹ jókòó kí ẹ jẹun. Okùn yìí, ẹ fi sílẹ̀ fún wa, a ó fi di ọ̀gẹ̀dẹ̀." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jẹun, ṣùgbọ́n ó gbé okùn rẹ̀ lọ.

Mo ti sọ fún Wàsíù pé bó bá dé ibi tó ń lọ, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó pa á, kí fáànù lè rọra sinmi, kí ọ́ìlì sì tu ara rẹ̀ lára. Nítorí náà, a ṣì wà nínú ọkọ̀, àwa méjèèjì, a ń dúró. Ìyá tún wá kan gíláàsì pé ta ni ó ń sun dísẹ̀lì àwọn báyìí. Wàsíù ní, "Ìyá, ó ń mí sílẹ̀ ni." Wọ́n pòṣé, wọ́n lọ.

"Kí la máa wá ṣe ní gbogbo àkókò tí a bá ń dúró báyìí?" Wàsíù bi mí.

Mo ní, "Kí lo rí lónìí?"

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ẹyẹ kan tó ń kọ́lé sórí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lóko, tó máa ń gbé koríko kan náà wá, tí á sì tún gbé e padà lọ. Ó ní òun ti ń ṣọ́ ọ, òun kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Mo béèrè, ó dáhùn, mo tún béèrè. Ìṣẹ́jú tí mo sọ fún un ti kọjá tipẹ́. Tọ́bò ti tutù. Kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ nínú wa.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibùsùn yín tutù, kí ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí ó fẹ́ràn yín, tí ó sì ṣì ń béèrè.